Ìjà Inú Ọkàn ní Ilé Àlàáfíà

Mo kí ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti jẹun tán, tí ẹ fẹ̀yìn ti àga, tí ẹ dẹ etí sí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì. Mo kí ẹ̀yin ìyá tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Monday Market dé, tí ẹ kò tí ì ráyè tú gèlè. Mo kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbọ́ mi nínú kẹ̀kẹ́ NAPEP lójú ọ̀nà Bulumkutu. Mo kí ọmọ Ọ̀fà, ọmọ ìjàkadì. Mo kí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété. Mo kí Ìwó Olódò Ọbà. Mo kí Ìjẹ̀ṣà ọmọ Ọwá Obòkun, àti gbogbo ọmọ Oòduà tí òwò tàbí iṣẹ́ ìjọba gbé wá sí ìlú tí Shehu ilẹ̀ Borno kó wá tẹ̀dó sí ní ọdún 1907, ìlú tí àwọn Kànúrí onílẹ̀ ń pè ní Yerwa, tí àwa àlejò ń pè ní Maiduguri.

Bí ẹ bá jáde lọ́la, ẹ wo ọkọ̀ tí ó bá wà níwájú yín. Ẹ ó rí i pé lára nọ́ńbà tí Ìpínlẹ̀ Borno fi fún un, a kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé àlàáfíà ni ilẹ̀ yìí. Àkọlé náà wà níbẹ̀ kí ogun tó dé. Ó wà níbẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2009, nígbà tí ìbọn sọ ọ̀sán di òru ní ìlú yìí, tí Mohammed Yusuf tí ó dá ẹgbẹ́ Boko Haram sílẹ̀ sì kú sọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá ní ọjọ́ 30 oṣù náà. Ó wà níbẹ̀ ní gbogbo ọdún tí ó tẹ̀ lé e, tí bọ́ǹbù ń dún ní ọjà àti ní mọ́sálásí, tí àwọn ogunléndé láti Bama, Gwoza àti Konduga ń wọ́ wọlé tọmọ tọmọ, tẹrù tẹrù. N kò mú ọ̀rọ̀ àkọlé náà wá láti fi ìlú tí ó gbà wá ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí èmi gbà tọkàntọkàn pé ilé àlàáfíà ni Borno nínú ìwà àwọn ènìyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ojú mi rí pẹ̀lú. Ohun méjèèjì wà nínú mi, wọn kò sì bára wọn rẹ́. Irú àìrẹ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ohun tí ènìyàn gbà gbọ́ kò bá ohun tí ó ń ṣe tàbí ohun tí ó ń rí mu, ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lálẹ́ òní, nítorí pé kò sí ẹni tí kò sí nínú rẹ̀, àti nítorí pé ohun tí ọkàn máa ń ṣe láti fi bọ́ lọ́wọ́ ìjà náà, ju ìjà náà fúnra rẹ̀ lọ, ni ó ń ba ayé ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́.

Ará Amẹ́ríkà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Leon Festinger kọ ìwé lórí ọ̀ràn yìí ní ọdún 1957, àwọn onímọ̀ nípa ìṣesí ọkàn ènìyàn sì ń fa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ títí di òní. Ó ní bí ebi kì í ti í jẹ́ kí ara rọ ènìyàn títí yóò fi rí nǹkan fi sẹ́nu, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ara kì í rọ ẹni tí èrò méjì ń bá ara wọn jà nínú rẹ̀, títí yóò fi wá nǹkan ṣe sí i. Ó lè yí ìwà rẹ̀ padà kí ó bá ohun tí ó mọ̀ mu. Ó lè yí ohun tí ó mọ̀ padà kí ó bá ìwà rẹ̀ mu. Tàbí kí ó wá èrò kẹta tí yóò fi pẹ̀tù sí aáwọ̀ àwọn méjì ìṣáájú. Ìwà sì nìyí, ó ṣòroó yí. Nítorí náà èrò ni ọmọ aráyé sábà máa ń yí. Bàbá tí dókítà ní kí ó yéé mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò nítorí ìtọ̀ ṣúgà yóò ní ẹnìkan wà lábúlé àwọn tí ó mu ún títí ó fi lé ní ọgọ́rin ọdún. Oníṣòwò tí ń dín òṣùwọ̀n kù yóò ní àwọn tí ó wà lọ́tùn-ún àti lósì òun ń dín in ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ parọ́ fún wa. Àgàbàgebè mọ̀ dájú pé àgàbàgebè ni òun ń ṣe, ṣùgbọ́n àwọn tí mò ń wí yìí kò mọ̀: àwọn gan-an ni àwáwí wọn kọ́kọ́ tàn jẹ kí ó tó kan ẹlòmíràn. Àwọn baba wa ní bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹlẹ́jọ́ tí ó ti ṣe adájọ́ fún ara rẹ̀ nínú yàrá ọkàn, tí ó sì ti dá ara rẹ̀ láre kí ẹjọ́ tó dé gbangba, ìkúnlẹ̀ kò tilẹ̀ sí fún un.

Ní ọdún 1959, Festinger àti akẹgbẹ́ rẹ̀ James Carlsmith gbé àbọ̀ ìdánwò kan jáde, èyí tí wọ́n fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin 71 ní Yunifásítì Stanford ṣe. Wọ́n pe àwọn ọmọ náà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí ó kó àwọn igi róbótó róbótó sínú àwo, kí ó kó wọn jáde, kí ó tún kó wọn padà, fún ìdajì wákàtí gbáko. Lẹ́yìn èyí, wọ́n gbé pákó tí wọ́n kan èèkàn kéékèèké mọ́ síwájú rẹ̀, wọ́n ní kí ó máa fi ọwọ́ yí àwọn èèkàn náà díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, fún ìdajì wákàtí mìíràn. Iṣẹ́ tí kò lórí tí kò nídìí, tí í fi oorun kun ènìyàn. Nígbà tí ó parí, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé ẹlòmíràn ń dúró níta láti wọlé, kí ó bá àwọn sọ fún un pé iṣẹ́ náà dùn, ó sì gbádùn mọ́ni. Wọ́n fún àwọn kan ní dọ́là 1 fún irọ́ yìí, wọ́n fún àwọn mìíràn ní dọ́là 20, èyí tí ó jẹ́ owó gidi láyé ìgbà náà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni wọ́n wá bi wọ́n léèrè, láìsí ẹ̀tàn mọ́, pé báwo ni iṣẹ́ náà ti rí lára wọn. Àwọn tí ó gba dọ́là 20 sọ ọ́ bí ó ti rí: iṣẹ́ náà sú wọn. Àwọn tí ó gba dọ́là 1 ni ó ń sọ pé iṣẹ́ náà kò burú, pé ó tilẹ̀ dùn díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí èyí ná, nítorí ó yàtọ̀ sí bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti lérò. A máa ń rò pé bí owó bá ti pọ̀ tó ni yóò ti yí ọkàn padà tó. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí. Ẹni tí ó gba owó ńlá mọ ìdí tí òun fi parọ́; ìdí náà wà lápò rẹ̀, ó lè kà á. Ẹni tí ó parọ́ nítorí owó táṣẹ́rẹ́ kò rí ìdí kankan dì mú, kò sì lè fara dà á pé ọmọlúàbí bí òun parọ́ lásán. Ó wá kúkú gba irọ́ náà gbọ́. Owó ńlá ra ẹnu àwọn ará ọ̀hún. Owó kékeré ni ó ra ọkàn àwọn tìhín.

Ìgbà tí mo ka èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ojú ọ̀nà sí ohun kan tí ó ti ń rú mi lójú ní ìlú yìí, èyíinì ni bí ọmọ tí a mọ̀, ọmọ tí ń kí ni láàárọ̀, tí ń bá ni gbé omi, ṣe di ẹni tí ń ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ tí ó sì ń pè é ní ìsìn Ọlọ́run. Ní ọdún 2016, àjọ Mercy Corps gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti bá àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ Boko Haram rí sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìwàásù nìkan ni ó kó gbogbo wọn wọlé. Àwọn kan nínú wọn, owó yíyá ni a fi fà wọ́n, owó kékeré tí wọn ó fi bẹ̀rẹ̀ òwò tàbí tí wọn ó fi mú èyí tí wọ́n ń ṣe gbòòrò, nígbà tí kò sí ẹlòmíràn tí ó fẹ́ yá wọn. Ẹ fi ojú inú wo ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó gba owó. Ó ní òwò ni. Wọ́n pè é sí ìpàdé. Ó lọ, ó ní ẹni tí ó ṣe mí lóore, ó yẹ kí n lè jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kí ó jẹ́ iṣẹ́ kan fún àwọn. Ó jẹ́ ẹ, ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Wọ́n gbé àpò kan fún un pé kí ó bá àwọn tọ́jú rẹ̀. Kò tú u, ó ní ohun tí ojú kò bá rí kì í ba inú jẹ́. Ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ọkàn rẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń mú kí ìgbésẹ̀ tí ó kàn rọrùn. Kí ó tó débi tí wọ́n fi ìbọn lé e lọ́wọ́, ó ti fi àwáwí hun odindi ìgbàgbọ́, ó sì ti ń gbé inú rẹ̀. Ìgbàgbọ́ kọ́ ni ó ṣíwájú ìwà rẹ̀. Ìwà ni ó ń lọ níwájú, tí ìgbàgbọ́ ń sáré tẹ̀ lé e.

Èmi kò wí èyí láti dá apànìyàn láre. Ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń jẹ́. Mo wí i nítorí àwọn ọmọ tí ó ṣẹ́kù, tí ó jẹ́ pé àpò kékeré ni ó wà lọ́wọ́ wọn báyìí, tí ó sì ṣì ṣeé gbà.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àwọn ọmọ nìkan. Àwọn baba wa ní ọmọ ẹni kì í burú títí kí a fi í fún ẹkùn pa jẹ, òwe náà sì jìn ju bí a ti ń pa á lọ. Bàbá tí ó ṣàkíyèsí pé ọmọ òun kò sùn nílé mọ́, pé ó ń náwó tí kò ṣiṣẹ́ fún, pé ó ti ń pe ìyá rẹ̀ ní kèfèrí, bàbá náà mọ̀, kò sì fẹ́ mọ̀. Ó fẹ́ràn ọmọ; ó kórìíra ibi; ọmọ náà sì ti ń di ibi lójú rẹ̀. Kí ni kí ó ṣe? Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ìgbà èwe ni, yóò kọjá. Ní ọdún 2013, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ní Maiduguri gbé pónpó àti àdá, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Civilian JTF sílẹ̀, tí wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé láti fa àwọn tí wọ́n mọ̀ fún ṣọ́jà, ọ̀pọ̀ òbí ni ọjọ́ náà ká mọ́ ibi tí wọ́n ti ń di ojú ara wọn. Èmi kò jẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kòbákùngbé sí irú òbí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n dì lójú náà wúwo ju ohun tí ènìyàn lè tètè ṣí ojú wò lọ.

Ọ̀ràn omíyalé ọdún 2024 ní ìlú yìí ń kọ́? Ìsédò Alau, tí a kọ́ sórí odò Ngadda láàrin ọdún 1984 sí 1986, kò ṣàì ti já rí. Ó já ní ọdún 1994, àwọn tí ó dàgbà nínú wa sì rántí. Ọgbọ̀n ọdún kọjá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, àwọn ènìyàn rí i pé omi ń kún, wọ́n rí i pé ó ti ń wọ àwọn àdúgbò kan. Àwọn aláṣẹ kan sì ní kí ará ìlú má fòyà, ìsédò náà dúró dáadáa. Ní òru tí ilẹ̀ fi mọ́ sí ọjọ́ 10 oṣù náà ni ìsédò já. Omi gba Fori, ó gba Gwange, ó gba ọjà, ó wọ ààfin Shehu, ó wọ ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Maiduguri, ó pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ẹran ọgbà ẹranko Sanda Kyarimi, ó sì gbé ọ̀nì àti ejò inú ọgbà náà jáde sí àárín ènìyàn. Ó ju 400,000 ènìyàn lọ tí omi náà lé kúrò nílé.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tí ó wà lókèèrè ń bi wá pé, ẹ rí omi, ẹ kò sì sá? Ìbéèrè yìí kò dára, nítorí ẹni tí ó ń bèèrè rẹ̀ kò gbé e ka ibi tí ó yẹ. Kì í ṣe àìmọ̀kan ni ó dá àwọn ènìyàn dúró. Ẹni tí ogun ti lé kúrò ní Bama, tí ó fi gbogbo ohun tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́ yàrá méjì sí ẹ̀bá odò nítorí pé ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti rọjú, bí ó bá gbà pé omi ń bọ̀, ó di dandan kí ó gbà pẹ̀lú pé kò sí ibi tí òun ó lọ. Èrò kejì yìí ni kò ṣeé gbà. Nítorí náà ni etí rẹ̀ fi fẹ́ràn ẹni tí ó sọ fún un pé kò séwu, tí ó sì ń rántí pé òjò ọdún tó kọjá náà pọ̀ báyìí, kò sì ṣe nǹkan kan. Bí owó ohun tí a ó gbà gbọ́ bá ti ga jù, ọkàn á kọ ọjà náà sílẹ̀, á lọ ra èyí tí ó pọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ gbọ́ ìkìlọ̀, ibi tí yóò sùn ni kí ó kọ́kọ́ fi hàn án, kí ó tó sọ fún un pé ilé rẹ̀ yóò wó.

Ọkàn kan náà yìí a tún máa lọ sí apá òdìkejì. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1934, ilẹ̀ mì tìtì ní Bihar ní ilẹ̀ Íńdíà. Àwọn ará ìlú tí ilẹ̀ mì lẹ́sẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n tí ilé wọn kò wó, tí ẹnikẹ́ni wọn kò kú, ni ó ń gbé àhesọ kiri pé èyí tí ó burú jù ṣì ń bọ̀. Festinger ka ìròyìn yìí, ó sì yà á lẹ́nu pé kí ni ènìyàn fẹ́ fi ìdẹ́rùba ara rẹ̀ ṣe. Ìdáhùn tí ó rí ni pé ẹ̀rù ti wà nínú wọn kí àhesọ tó dé. Wọn kò rí ohun kan tí ó tó ẹ̀rù náà ní àyíká wọn, wọ́n sì wá ọ̀rọ̀ tí yóò tó o. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Maiduguri, ẹ mọ irú rẹ̀. Ẹ mọ àtẹ̀jíṣẹ́ tí í dé lóru pé wọ́n ti wọ ìlú, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, tí gbogbo wa sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn kí a tó dìde lórí ibùsùn.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù, èyí tí kò tí ì tán, tí kò sì ní tètè tán. Lẹ́yìn tí Abubakar Shekau, olórí Boko Haram, kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ti inú igbó Sambisa jáde, wọ́n ní àwọn túúbá. A kó wọn sí Hajj Camp àti àwọn ibùdó mìíràn nínú ìlú yìí kan náà. Ṣáájú ìgbà náà, láti ọdún 2016, ni ìjọba àpapọ̀ ti ní ibùdó kan ní Mallam Sidi ní Ìpínlẹ̀ Gombe, níbi tí a ti ń tún irú wọn kọ́ ní iṣẹ́ ọwọ́ àti ní ìwà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, Gómìnà Babagana Zulum sọ ọ́ ní gbangba pé ohun méjì ni ó wà níwájú àwọn ará Borno: ogun tí kò ní òpin, tàbí kí a fi ìṣọ́ra gba àwọn tí ó túúbá, àti pé èyí kejì náà dunni, ó sì ṣòro. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí gbólóhùn tí ó gbẹ̀yìn yìí. Ó lè ní ó rọrùn. Kò wí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwa ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ìyá kan wà, wọ́n pa ọmọkùnrin rẹ̀. Ó fẹ́ kí ogun parí kí èyí tí ó kù má baà kú. Wọ́n sì sọ fún un pé kí ogun tó parí, àwọn tí ó pa èyí àkọ́kọ́ yóò wá gbé ní àdúgbò rẹ̀. Ọkàn wo ni ó fẹ́ gba èyí láìjà? Àwọn aládùúgbò á wá bá a, wọ́n á fẹ́ gba ìjà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan á ní gbogbo àwọn tí ó ti inú igbó jáde, ipá ni wọ́n fi mú wọn, kò sí ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ pànìyàn nínú wọn. Irọ́ ni. Àwọn mìíràn á ní gbogbo wọn pátá, àtọkùnrin àtobìnrin àti ìkókó tí wọ́n gbé pọ̀n, ẹ̀yà apànìyàn ni wọ́n. Irọ́ ni èyí náà, nítorí àgbẹ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú àti ọmọbìnrin tí wọ́n fi ipá fẹ́ wà lára àwọn tí ó jáde. Irọ́ méjèèjì ni a ń pa nítorí àánú, wọ́n sì ń tù ú nínú fún ìgbà díẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ó bá gbé èyí àkọ́kọ́ mì kò ní lè sọkún ọmọ rẹ̀ mọ́, ẹni tí ó bá sì gbé èkejì mì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkò lé ọmọ ọdún mẹ́ta.

Ní Wulari, nínú ìlú yìí kan náà, mo mọ ìyá mìíràn tí ń ta ẹ̀lùbọ́ àti gààrí. Ó ti pẹ́ níhìn-ín, àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ Kànúrí ju bí wọ́n ti gbọ́ Yorùbá lọ. Ní oṣù Kejì ọdún 2006, ní ọjọ́ tí àwọn ènìyàn tú jáde nítorí àwòrán tí ìwé ìròyìn kan yà ní ilẹ̀ Denmark, tí wọ́n sun ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì sun ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ lọ sínú iná. Lọ́jọ́ kan náà, aládùúgbò rẹ̀, obìnrin Kànúrí, kó àwọn ọmọ ìyá yìí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó sì sọ fún àwọn tí ó dé pé ọmọ òun nìkan ni ó wà nínú ilé yìí. Láti ìgbà náà ni àwọn ẹbí ti ń ránṣẹ́ sí ìyá yìí láti ilé pé, kí lẹ ń dúró ṣe láàárín ìkà. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níhìn-ín náà ti ń rọ̀ ọ́ pé kí ó gbàgbé, pé àwọn àjèjì ni ó ṣe é, kì í ṣe ará ìlú. Mo wà níwájú àtẹ rẹ̀ nígbà tí ẹnìkan tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ń wọn gààrí lọ́wọ́; ó fi àtẹ́lẹwọ́ ṣù ú lórí mudu títí ó fi dúró ṣóńṣó, bí àwọn oníbàárà ti fẹ́ ẹ, ó dà á sínú ọ̀rá, ó so ó, kò gbójú sókè. Ó ní, “Wọ́n sun ṣọ́ọ̀bù wa. Wọ́n gba ọmọ mi là. Èwo ni kí n sọ di irọ́ nínú méjèèjì?” Ó sì na ọwọ́ gba owó rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, n kò tí ì rí ìwé tí ó sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìyá yìí kò gbàgbé, kò sì gbẹ̀san. Kò jẹ́ kí ìrora sọ oore di asán, kò sì jẹ́ kí oore bo ìrora mọ́lẹ̀. Ó ń ru méjèèjì. Ó wúwo fún un, mo rí i. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń rù, òótọ́ ni, òótọ́ kì í sì í yí padà mọ́ni lọ́wọ́ lóru.

Kì í ṣe gbogbo ìjà ọkàn ni a ní láti rù bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó bá jẹ́ ìwà ọwọ́ wa ni, kí a yí ìwà náà ni, kí a má wulẹ̀ da ara wa láàmú. Bàbá onítọ̀ ṣúgà, ìgò náà ni kí ó gbé sílẹ̀, kí ó fi àwọn ará abúlé rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Oníṣòwò, kí ó wọn ọjà rẹ̀ pé. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwáwí ni ó wà lẹ́nu wa tàbí ìdí tòótọ́, ẹ jẹ́ kí a wo èyí tí ó ṣáájú. Ìdí tí a ti mọ̀ kí a tó ṣe nǹkan, ó lè jẹ́ ìdí. Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lẹ́yìn tí a ti ṣe é tán, tí ó sì dùn lẹ́nu, tí ó dá wa láre pátápátá láìkù síbì kan, kí a fura sí i gidigidi. Kí a sì bi ara wa pé, bí ó bá jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn ni ó ṣe ohun yìí, tí ó sì wí àwíjàre yìí, ǹjẹ́ n ó gbà á fún un? Ìbéèrè yìí ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í dùn-ún dáhùn.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ ilé kéwú àti ti ilé ìwé, nígbà tí ọmọ bá wá sọ fún yín pé òun gba owó lọ́wọ́ ẹnìkan tí òun kò mọ̀, ẹ má kọ́kọ́ nà án. Bí ẹ bá nà án, àwáwí ni yóò lọ wá. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ẹ bá a dá owó náà padà, kí ó lè mọ̀ pé ènìyàn lè ṣìṣe kí ó sì tún padà láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ sọ ibi di ire.

Ẹ̀yin àlùfáà, ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin alágbà àdúgbò, mo bẹ̀ yín lọ́nà àrà ọ̀tọ̀. Nígbà tí àwọn tí ó túúbá bá padà dé àdúgbò yín, ẹ má fi dandan mú ẹni tí wọ́n ṣe ní ibi kí ó dìde ní gbangba, kí ó ní òun ti dárí jì wọ́n. Bí ẹnu rẹ̀ bá wí i kí ọkàn rẹ̀ tó dé ibẹ̀, ìjà tuntun ni ẹ dá sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí ìlú lè bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kí ó má fọwọ́ kan wọn, kí ó má sì rán ẹlòmíràn sí wọn. Ẹkún rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó máa sun ún. Kí àwọn tí ó padà náà sọ ohun tí wọ́n ṣe bí wọ́n ti ṣe é, láìfi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó, nítorí kò sí bí a ti lè tún ọkàn tí ó ṣì ń gbé inú àwáwí ṣe.

Àti ẹ̀yin tí ìjà inú yìí ti di àìsùn fún, tí ẹ̀rù ń bà yín ní ọ̀sán gangan, tí ẹ kò lè jẹun, tàbí tí ẹ ń gbọ́ ìró ìbọn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìgbàgbọ́ yín ni kò tó. Federal Neuro-Psychiatric Hospital wà nínú Maiduguri yìí, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tí ó mọ iṣẹ́ yìí sì wà níbẹ̀. Ẹ lọ bá wọn. Kí ẹni tí ó bá mọ aládùúgbò tí kò lè dá lọ mú un lọ́wọ́ dání lọ́la, kí ó sì dúró tì í títí yóò fi rí dókítà.